Ta Ni Yóò Dúró fún Ogunléndé?

Bí ìdílé tí ogun lé kúrò nílé bá dé sí Abẹ́òkúta lónìí, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò ṣòro láti sọ. Ẹnì kan yóò rí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin lẹ́bàá mọ́sáláásí pẹ̀lú àpò Gánà-mọ́ọ̀sì-gò méjì, yóò sì sọ fún Lémọ́mù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn yóò tẹ́ aṣọ sílẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì máa sọ owó sí i. Ìyá kan yóò gbé ìrẹsì wá, òmíràn yóò kó aṣọ tí kò gba àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ wá. Gbogbo rẹ̀ dára, ẹ̀san rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí onílé bá béèrè ẹni tí yóò dúró fún wọn kí òun tó fún wọn ní yàrá, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé bá béèrè ìwé tí ó ti jóná mọ́ ilé ní Borno, àwọn tí ó sọ owó sórí aṣọ ti wà nídìí iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ìrẹsì ti tán. Ìdílé náà kò sì tíì gúnlẹ̀ síbì kankan.

Ogunléndé ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ti sọ ìtàn rẹ̀ tán: kì í ṣe òwò ni ó gbé e dé, kì í ṣe ìgbéyàwó, ogun ni. Òfin ayé òde òní pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó bá kọjá ibodè orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 1969. Ẹni tí ogun lé láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nínú orílẹ̀-èdè kan náà wà lábẹ́ àdéhùn tí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ní Kampala ní ọdún 2009. Nàìjíríà fọwọ́ sí gbogbo wọn, ó sì ti gbé òfin kalẹ̀ fún àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀ràn ogunléndé láti ọdún 1989. Ìpín yìí wúlò fún àwọn amòfin. Fún ìyá tí ó ń wá yàrá kan ní Adátán tàbí ní Láfẹ́nwá, ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: ta ni ó mọ̀ ọ́ níhìn-ín?

Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ogunléndé nílò oúnjẹ, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ni ó nílò jù: ẹnì kan tí àdúgbò mọ̀, tí yóò sọ ọ́ sétí onílé, sétí ìyálọ́jà àti sétí ọlọ́pàá pé òun ni òun dúró fún un. Olóore pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Onígbọ̀wọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ Ẹ̀gbá ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ogunléndé ni ó tẹ Abẹ́òkúta dó. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀ràn Òwu jó igbó Ẹ̀gbá kárí. Ìlú tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ di ahoro. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú lọ sí etí òkun. Àwọn tí ó kù gbára jọ sẹ́yìn Ṣódẹkẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1830, wọ́n dé abẹ́ àpáta Olúmọ, níbi tí Adágbà, àgbẹ̀ ará Ìtòkò, ti ń dáko. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi tún ń pe ìlú náà ní Oko Adágbà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jókòó ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ kíyè sí. Wọn kò da àwọn ènìyàn pọ̀ mọ́ra bí ẹni da àgbàdo sínú àpò. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó dé gba ilẹ̀ tirẹ̀, ó fi orúkọ ìlú tí ó jóná sọ àdúgbò tuntun, ó sì gbé àwọn olóyè rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Kẹ́mta tún di Kẹ́mta, Ìgbẹ̀ìn tún di Ìgbẹ̀ìn. Bẹ́ẹ̀ ni Ìpórò, bẹ́ẹ̀ ni Ìkìjà. Ọmọ tí wọ́n bí sábẹ́ Olúmọ lè dárúkọ ìlú bàbá rẹ̀ láìfi ojú kan án rí. Bí ẹnì kan bá sì ṣe ohun tí kò tọ́, ìlú mọ àwọn olóyè tí yóò bi léèrè. Kò sí ẹni tí kò ní ẹni tí ó dúró fún un.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1834, àwọn ará Òwu fúnra wọn dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá ti wí pé ọ̀ràn àwọn wọ̀nyí ni ó kó bá àwọn, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ṣódẹkẹ́ kò wí bẹ́ẹ̀. Ó gbà wọ́n, ó fún wọn ní ilẹ̀, Olówu sì wà lára àwọn ọba Ẹ̀gbá títí di òní. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní oṣù kẹta ọdún 1862, àwọn ará Ìjàyè tí ó ṣẹ́kù náà forí lé Abẹ́òkúta. Orúkọ àwọn àdúgbò ṣì ń jẹ́rìí: Àgọ́-Òkò, Àgọ́-Òwu, Àgọ́-Ìjàyè. Àgọ́ ni ibi tí ènìyàn fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí sí, tí ó ń wo ọ̀nà ilé. Síbẹ̀ ààfin ọba Òkè-Ọnà wà ní Àgọ́-Òkò lónìí, kò sì sí ẹni tí yóò pe ará Àgọ́-Ìjàyè ní àlejò. Àgọ́ náà ti di àdúgbò. Orúkọ nìkan ni ó kù tí ó ń rántí ogun.

Àwọn Sàró náà wá. Láti ọdún 1839 ni wọ́n ti ń dé, àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone. Wọ́n padà pẹ̀lú aṣọ òyìnbó, pẹ̀lú èdè tí ó ti yí, àti ẹ̀sìn tí púpọ̀ nínú àwọn ará ilé kò mọ̀ rí. Ṣódẹkẹ́ tún gba àwọn náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Àjàyí Crowther, tí ó ti di àlùfáà ìjọ Kristi nígbà náà, fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ìlú tí ó lè ṣe irú èyí fún ènìyàn kì í ṣe ìlú kékeré.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kì í ṣe oyin nìkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé, ìlú kan náà kó ilé ìsìn àwọn Kristẹni, ó sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tí ó jẹ́ Kristẹni bá wọn lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní Èkó, Àgọ́ Ẹ̀gbá sì ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Láti 1830 sí 1867 kò ju ọdún 37 lọ. Ọmọ ogunléndé ti sọ ọmọ ìyá rẹ̀ di ogunléndé láàárín ìran kan péré. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn Ṣódẹkẹ́ yangàn gbọ́dọ̀ gba èyí náà mọ́ ọn.

Àgọ́ mìíràn tún wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Orù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ìtàn rẹ̀ kò rí bí ti Àgọ́-Òwu. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1989 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Liberia. Ní ọdún 1990 ni wọ́n ṣí àgọ́ ogunléndé sí Orù fún àwọn tí ó sá wá. Nígbà tí ogun Sierra Leone bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, àwọn ará ibẹ̀ náà ń dé. Ẹ wo bí ayé ti ń yí. Freetown tí ó gba ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú ni ó tún ń rán ènìyàn wá sí ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ọdún 150. Títí di òní, àwọn Kírió Freetown ń pe ìkómọ ní komojade, wọ́n sì ń pe àsè ìrántí òkú ní awujoh. Àdúgbò Fourah Bay àti Fula Town níbẹ̀ kún fún Mùsùlùmí tí ìran wọn jẹ́ Yorùbá. Bí ọ̀kan nínú irú wọn bá bọ́ sí Orù, itòsí ilé bàbá-ńlá rẹ̀ ni ó bọ́ sí, a sì fún un ní ìwé ogunléndé.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò gbà wọ́n. Wọ́n rí ibi sùn, àwọn ọmọ wọn rí ìwé kà. Ṣùgbọ́n àgọ́ náà wà láti ọdún 1990 títí di ọdún 2007. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n ṣí i ti pé ọmọ ọdún 17 nígbà tí wọ́n tì í, ó ti lè gbéyàwó, inú àgọ́ ni ó sì mọ̀. Ní ọdún 2007 náà, Nàìjíríà, Liberia, Sierra Leone, àjọ ECOWAS àti àjọ tí ń rí sí ogunléndé lágbàáyé ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lè gba ìwé ìgbélùú. Púpọ̀ padà sílé, àwọn kan gba ìwé. Síbẹ̀ ọdún ń gorí ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti àgọ́ náà, àwọn kan ṣì wà lórí ilẹ̀ náà tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò yà sí.

Ohun tí ó ya Orù sọ́tọ̀ kúrò lára Àgọ́-Ìjàyè kì í ṣe inú burúkú àwọn ará ìlú. Àgọ́-Ìwòyè tí kò jìnnà sí Orù pàápàá, àwọn ìletò kéékèèké tí ó kó ara wọn jọ nítorí ogun ni ó di ìlú náà. Àwọn ará agbègbè yẹn mọ ohun tí ogun ń ṣe. Ìyàtọ̀ náà wà nínú ètò. Ètò àgọ́ so ogunléndé mọ́ àjọ tí ó jìnnà, kò so ó mọ́ aládùúgbò. Àjọ ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àjọ ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un níwájú ìjọba. Nígbà tí àjọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tí ó lè dìde pé èmi ni mo dúró fún ọkùnrin yìí.

Mùsùlùmí ní àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọn ju èyí lọ. Ọdún tí ó fi ń ka oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí sá kúrò nílé, ní 622. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn kan nínú wọn ti sá lọ sí Habaṣa, ọba Kristẹni tí ó wà níbẹ̀ sì kọ̀ láti dá wọn padà fún àwọn Kuraiṣi. Nígbà tí wọ́n dé Mẹ́dínà, Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn onílé, pé kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá ara wọn. Òótọ́ ni pé àwọn aláìní kan ń sùn sábẹ́ ìbòòji mọ́sáláásí, ṣùgbọ́n àárín ìlú ni mọ́sáláásí náà wà, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń sùn sí.

Gbogbo ọ̀dọ́ tí ó ti jókòó ní ilé-kéwú ni ó mọ ìtàn Sa'd ọmọ Rabi' àti Abdur-Rahman ọmọ 'Awf. Sa'd ní kí àwọn pín ọrọ̀ òun sí méjì. Abdur-Rahman ṣe àdúà fún un, kò gbà á, ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó dé ọjà Banu Qaynuqa, ó sì mú èrè wàrà àti òróró wàrà bọ̀ wálé. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti yin Abdur-Rahman pé kò gba owó olówó. Wọn kì í sábà rántí pé ẹnì kan ni ó fi ọ̀nà ọjà hàn án. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí ó sọ nù: ìsopọ̀ náà lágbára débi pé wọ́n ń jogún ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun Badr, ogún padà sọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Àwọn àlejò ti ń dìde dúró fúnra wọn nígbà náà. Okùn ọmọ ìyá kò já, ẹrù tí ó wúwo nìkan ni a sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lo ọdún 17 lórí ẹ̀ní ìrànwọ́.

Báwo ni èyí yóò ti rí ní Abẹ́òkúta? Jámọ̀ọ́ kan, ìdílé kan, ọdún kan. Kí jámọ̀ọ́ yan tọkọtaya kan tí yóò so mọ́ ìdílé tí ó dé, ọkọ fún bàbá, ìyàwó fún ìyá, nítorí ohun púpọ̀ wà tí ìyá kò ní í sọ lójú ọkùnrin àjèjì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni yàrá. Owó ilé nìkan kọ́ ni onílé ń bẹ̀rù, ẹni tí kò mọ̀ ni ó ń bà á lẹ́rù. Bí ará mọ́sáláásí tí ó mọ ilé rẹ̀ bá bá àlejò náà lọ, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yóò rọrùn ju ìgbà tí àlejò fi owó ọdún méjì há ọwọ́ tí kò sí ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò wo iye tí aṣojú onílé ń gbà, torí pé àwọn kan wà tí ń fi àìgbédè àlejò jẹun.

Lẹ́yìn yàrá, ọjà. Obìnrin tí ó dé láti Borno lè mọ iṣẹ́ fìlà onísẹ́ ọwọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń fi owó ńlá rà fún ọdún Iléyá. Ó lè jókòó sínú yàrá kan ní Adátán fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, bí kò bá sí ẹni tí ó mú un lọ sí Ìtòkú tàbí Kútọ̀, kí ìyálọ́jà ibẹ̀, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ iye owó. Ẹlòmíràn lè fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ. Ẹlòmíràn sì jẹ́ àgbẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń wá, kì í ṣe ìsọ̀. Ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí ó mọ̀ kí wọ́n tó pinnu ohun tí yóò ṣe.

Ní ti àwọn ọmọ, ọ̀nà kan wà tí Mùsùlùmí ní, tí ilé-ìwé ìjọba kò ní. Ọmọ tí ó ń sọ Kánúrí, tí kò gbọ́ "wá" yàtọ̀ sí "lọ" ní Yorùbá, yóò jókòó bí odi ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n Borno ti jẹ́ ilé ìmọ̀ Àlùkùránì tipẹ́tipẹ́. Bí ọmọ náà bá dé ilé-kéwú, lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí i, ó sì lè kà á ju àwọn ọmọ Abẹ́òkúta lọ. Kí àlùfáà ní kí ó kà á sókè. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn yóò dẹ́kun pípè é ní Mọ̀lá, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké kan wà tí ń ba iṣẹ́ ńlá jẹ́. Kò yẹ kí wọ́n máa ya ìdílé náà ní fọ́tò pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Kò yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé máa ní kí ìyá náà tún ìtàn òru tí wọ́n jó abúlé rẹ̀ sọ. Bí àwọn tí ó dé bá sì jẹ́ Kristẹni, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn tí ogun lé ní Benue ti jẹ́, onígbọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n nílò. Sàráà kì í béèrè ẹ̀sìn, oúnjẹ kì í sì í ṣe owó tí a fi ń ra kálímà lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa.

Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ pé ayé ti bàjẹ́, pé ajínigbé pọ̀, ta ni ó mọ ẹni tí ó ń bọ̀? Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìkọlù nínú ìjà darandaran àti àgbẹ̀ lé àwọn ará abúlé kan ní ilẹ̀ Yewa kúrò nílé, títí tí àwọn kan fi sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n, wọ́n sì di ẹni tí ń béèrè ibi sùn ní ìlú ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àpò tí ìdílé náà gbé wá sí ẹ̀bá mọ́sáláásí pàápàá ń rán ènìyàn létí: ọdún 1983 tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà ni ó ti gba orúkọ, ọdún 14 lẹ́yìn tí Gánà ti lé àwọn Yorùbá oníṣòwò ní 1969, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò mọ ilé mìíràn yàtọ̀ sí Kumasi.

Ẹni tí ó sì ń bẹ̀rù ni ó yẹ kí ó fẹ́ onígbọ̀wọ́ jù lọ. Àlejò tí ẹnikẹ́ni kò dúró fún ni ìlú kò lè mọ ìrìn rẹ̀. Èyí tí jámọ̀ọ́ bá gbà, baálẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ onílé mọ̀ ọ́n, àgọ́ ọlọ́pàá ní orúkọ rẹ̀, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Bí wọ́n ti ń ṣe é sábẹ́ Olúmọ nìyẹn.

Ìwé tí jámọ̀ọ́ yóò kọ kò ní ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, iye ọmọ, ìlú tí wọ́n ti wá. Orúkọ tọkọtaya tí ó dúró fún wọn, àti ilé tí wọ́n ń gbé. Ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí ọdún kan yóò pé. Kí Lémọ́mù fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lójú àwọn ènìyàn, kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún owó.